Nígbà Tí Irin Iwájú Bobcat Bá Kọ̀ Tí Kò Yí

Ihò òpó ọgbà ni wọ́n ń gbẹ́ lọ́jọ́ náà, níbi iṣẹ́ kan ní ìta Ìbàdàn. Wọ́n so ẹ̀rọ ìgbẹ́hò, irin gígùn tó lọ́ bíi síkúrù, mọ́ iwájú Bobcat tokunbo kan. Ihò mẹ́ta lọ geerege. Ní ìkẹrin, irin dúró sínú ilẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń dún, táyà ń yí, ẹ̀rọ ń lọ síwájú, ó ń pa dà sẹ́yìn, àmọ́ irin iwájú kò mira. Kí eruku tó rọlẹ̀, awakọ̀ ti dájọ́ pé pọ́ǹpù ti kú. Ẹni tó gba iṣẹ́ náà ti gbé fóònù, ó ń béèrè iye tí wọ́n ń ta pọ́ǹpù tokunbo.

Mẹkáníìkì àgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè dé, kò fọwọ́ kan sípánà. Ó ní, "Gbé apá ẹ̀rọ yẹn sókè kí n rí i." Apá gòkè fùú, ó fa ìgbẹ́hò jáde nínú ilẹ̀. "Wàyí, tẹ bọ́tìnnì àsomọ́." Awakọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìgbẹ́hò rọ̀ sófuurufú, kò yí, ṣùgbọ́n ohùn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ bí ti ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn, nǹkan kan sì ń súfèé lẹ́yìn ìjókòó. Bàbá ní kó fi í sílẹ̀.

"Pọ́ǹpù rẹ ò kú. Ó ń ti ọ́ìlì, nǹkan kan ni ò jẹ́ kó kọjá. Sọ apá kalẹ̀, kí o pa ẹ́ńjìnnì."

Awakọ̀ ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò ní tú u wò ni?"

Bàbá ò dá a lóhùn. Ohun tó ti gbọ́ láàárín ìṣẹ́jú méjì yẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níbí.

Lọ́dọ̀ wa, Bobcat ni à ń pe gbogbo katapílà kékeré oníjòókòó kan tí apá rẹ̀ méjèèjì gba ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ kọjá, ìbáà jẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ní Omo. Orúkọ náà ní ìtàn. Ní 1957, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Cyril àti Louis Keller, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ ní Rothsay, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan fún àgbẹ̀ tó ń sin tòlótòló, kí ó lè máa fi kó ìgbẹ́ ẹyẹ láàárín òpó ilé, níbi tí tirakítọ̀ kò ti rí àyè yí. Ilé iṣẹ́ Melroe ní Gwinner, North Dakota, gba iṣẹ́ náà mọ́ra ní 1958. M400 tó ní táyà mẹ́rin jáde ní 1960, orúkọ Bobcat, tí í ṣe ti ológìnní igbó kan ní Amẹ́ríkà, sì dé ní 1962. Ẹ̀rọ yìí kò ní táyà tó ń yà bíi ti mọ́tò. Táyà ẹ̀gbẹ́ kan á máa yára, ti ẹ̀gbẹ́ kejì á falẹ̀ tàbí kó yí sẹ́yìn, òun náà á sì wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀ yí po.

Kíkó ìgbẹ́ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Tú bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò, o lè so hámà tí ń fọ́ kọnkéré mọ́ ọn, tàbí ìgbálẹ̀ oníyíyí, ẹ̀rọ tí ń gé igbó, èyí tí ń la kòtò wáyà, tàbí ìgbẹ́hò bíi ti Ìbàdàn yẹn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Ọ́ìlì ni oúnjẹ wọn. Ọ́ìlì yìí ń ti inú táǹkì bọ́ sí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á tì í lọ sí fáàfù, fáàfù ló sì ń pín in: ti gbígbé apá, ti dída bọ́kẹ́ẹ̀tì, ti àsomọ́. Ti àsomọ́ á gba páìpù ara apá dé iwájú, á gba ẹnu ìsopọ̀ kan bọ́ sínú hóòsì, á yí mọ́tò háídírọ́líìkì tó wà lára àsomọ́, á gba hóòsì kejì àti ẹnu ìsopọ̀ kejì pa dà, á kọjá nínú rédíétọ̀ àti fíltà, á dé táǹkì. Ìlà àfikún ni màá máa pè é.

Nínú gbogbo ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà nínú ẹ̀rọ yìí, ìlà àfikún nìkan ni à ń ṣí tí à ń pa lójoojúmọ́, nínú eruku, pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún erùpẹ̀ àti gíríìsì. Ìyókù wà nínú ilé tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Èyí ni mo fi ń bá àwọn tó ń sáré ra pọ́ǹpù jà: kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ọwọ́ ènìyàn ń dé, kí a tó lọ sí ibi tí sípánà nìkan ń dé.

Ohun méjì ni ọ́ìlì yìí ń gbé lọ bá àsomọ́, ìṣàn àti púrẹ́ṣọ̀, ọ̀pọ̀ àṣìṣe sì ti ibi tí a ti da àwọn méjèèjì pọ̀ wá. Wo alábàárù ọjà Bódìjà. Ìyára ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìṣàn, ìwúwo àpò tó lè gbé ni púrẹ́ṣọ̀. Irin tó ń yí ṣùgbọ́n tó ń fà bí ìgbín, ìṣàn ló dín. Irin tó ń yí fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀ lófuurufú, tó wá dúró kété tó kan ilẹ̀ líle, púrẹ́ṣọ̀ ni kò pé. Ohun tí kì í sì í tètè yé ènìyàn ni pé pọ́ǹpù kọ́ ló ń mú púrẹ́ṣọ̀ wá. Ó kàn ń ti ọ́ìlì ni. Ohun tó bá dúró lọ́nà ọ́ìlì ló ń mú púrẹ́ṣọ̀ wá, gẹ́gẹ́ bí a kò ṣe lè mọ bí alábàárù ṣe lágbára tó títí a ó fi gbé àpò lé e lórí. Géèjì tó bá wà nílẹ̀ nígbà tí irin ń yí lófìfo kò tíì sọ pé nǹkan kan bàjẹ́.

Lórí àwọn Bobcat tó wọ́pọ̀, ìlà àfikún ń gbé nǹkan bíi lítà 60 sí 90 ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ní ìṣàn ńlá lè kọjá 100, kó sún mọ́ 150. Púrẹ́ṣọ̀ wọn ń lọ sí nǹkan bíi psi 3,000. Táyà mọ́tò kékeré tí fọkanáísà ń fún ní afẹ́fẹ́ kì í sábà ju 35 lọ. Lítà 75 ní psi 3,000 tó nǹkan bí agbára ẹṣin 35, tí gbogbo rẹ̀ ń gba inú hóòsì tí ihò rẹ̀ kò fẹ̀ tó àtàǹpàkò.

Mo ka iye wọ̀nyí nítorí àìsàn kan wà tí kì í ṣe àìsàn. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ agégbó tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ lítà 130 sí lára, tí ẹ so ó mọ́ Bobcat tó ń gbé 75, yóò máa yí bí ẹni tó ń tòògbé títí ayé, kò sí mẹkáníìkì tó lè wò ó sàn. Irú rẹ̀ mìíràn ni ti awakọ̀ tó ń gbé apá sókè nígbà tí ìgbẹ́hò ń ṣiṣẹ́, tó wá ń kígbe pé ìgbẹ́hò falẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, oúnjẹ inú àwo kan náà ni apá àti àsomọ́ ń jẹ. Bí apá bá bu tirẹ̀, ti àsomọ́ á dín.

Kí a tó fọwọ́ kan irin, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kì í fi ṣeré. Hóòsì tó lu ihò bí ojú abẹ́rẹ́ kì í kán tó tó. Ó ń fọ́n ọ́ìlì bí ìrì tí ojú kì í tètè rí. Ẹni tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó ti ń jò, ọ́ìlì á gún un wọlé sínú ẹran ara. Ojú ọgbẹ́ náà kò ní ju ibi tí ẹ̀fọn jẹ lọ, ó sì lè má dun ún púpọ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nínú lọ́hùn-ún ọ́ìlì ti ń ba iṣan jẹ́, bí wọn kò bá sì tètè ṣiṣẹ́ abẹ láàárín wákàtí díẹ̀, ìka tàbí gbogbo ọwọ́ lè bá a lọ. Páálí tàbí pátákó ni à ń nà síbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ sọ fún dókítà gbangba pé ọ́ìlì onípúrẹ́ṣọ̀ gíga ló wọ ara, kí wọ́n má baà lẹ báńdéèjì mọ́ ọn kí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ní ti apá, ilẹ̀ ni ibùgbé rẹ̀ nígbà tí a bá ń tú nǹkan. Bí iṣẹ́ bá di dandan pé kó wà lókè, irin ìtìlẹ́yìn tó bá ẹ̀rọ wá ni kí ó wà lára ọ̀pá sìlíńdà. Igi àti búlọ́ọ̀kù kì í ṣe irin ìtìlẹ́yìn, ẹni yòówù kó sọ pé ó tó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká pa dà sí etí bàbá.

Apá tó ní kí wọ́n gbé sókè nì, ẹlẹ́rìí ló fi pè. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé pọ́ǹpù kan náà ló ń bọ́ apá àti àsomọ́, apá tó gbé ẹrù rẹ̀ gòkè láìjanpata ti jẹ́rìí fún pọ́ǹpù, fún ọ́ìlì inú táǹkì, àti fún fáàfù ńlá tó ń tú púrẹ́ṣọ̀ sílẹ̀. Táyà kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ yìí, nítorí pọ́ǹpù tirẹ̀ ni ó ní. Bobcat oníṣàn ńlá nìkan ni kí a ṣọ́ra fún. Àwọn kan ní pọ́ǹpù mìíràn tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ àyàfi tí a bá tẹ bọ́tìnnì ìṣàn ńlá, apá kò sì mọ nǹkan kan nípa ti ìyẹn.

Lẹ́yìn èyí ni bàbá ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì àsomọ́, tó sì dákẹ́. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì kò bá yí pa dà rárá, ọ́ìlì kò tíì gba àṣẹ láti lọ, ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ iná tàbí fáàfù. Bí ẹ́ńjìnnì bá wúwo, tí nǹkan sì ń súfèé, ọ́ìlì ti lọ ó bá ògiri, súfèé yẹn sì ni ohùn fáàfù tó ń tú púrẹ́ṣọ̀ sílẹ̀ kí nǹkan má baà bẹ́. Kò yẹ kí a jẹ́ kó súfèé ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, nítorí gbogbo agbára tí kò rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀ ń di ooru. Bí irin bá ń yí ṣùgbọ́n tí kò lágbára, ọ̀rọ̀ ti di ti òṣùwọ̀n, etí nìkan kò tó mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Lórí àwọn Bobcat òde òní, awakọ̀ kì í fi ọwọ́ ti fáàfù àsomọ́ fúnra rẹ̀. Bọ́tìnnì orí ọ̀pá ìdarí ló ń rán iná lọ sí kọ́ìlì tó wà lórí fáàfù. Kọ́ìlì á di òòfà, á ṣí ọ̀nà fún ọ́ìlì díẹ̀, ọ́ìlì díẹ̀ yẹn ló ń ti ọ̀pá ńlá inú fáàfù sí ẹ̀gbẹ́. Kí iná tó gbéra, ẹ̀rọ á bi awakọ̀ ní ìbéèrè: ṣé o jókòó? Ṣé o ti fa irin ìdáàbòbò wálẹ̀ síwájú àyà? Ṣé o ti tẹ bọ́tìnnì tó ń tú háídírọ́líìkì sílẹ̀? Bí apá àti àsomọ́ bá dákẹ́ pọ̀, ìdáhùn kan ló ṣàìpé níbẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti tú gbogbo fáàfù kalẹ̀ sórí táńpólì, tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò sì ju pé fóòmù ìjókòó ti rì, suíìṣì abẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé ènìyàn jókòó lórí òun. Awakọ̀ náà tín-ín-rín.

Bí apá bá ń ṣiṣẹ́ tí àsomọ́ nìkan dákẹ́, fíúùsì rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yọ wò, ká tó lọ sí rílé, bọ́tìnnì, àti wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀rọ tó ti pẹ́ lábẹ́ igi, eku ti lè fi wáyà rẹ̀ pa eyín. Èyí tí wọ́n máa ń fi omi alágbára fọ̀, omi ti lè wọ ibi tí wáyà ti pàdé ara wọn, kó hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Ọ̀nà kan wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú, kí a ṣí kọ́kọ́rọ́ nìkan, kí ẹnìkan jókòó kó tẹ bọ́tìnnì, kí ẹnìkejì fi ẹnu síkúrúdiráfà kan orí nọ́ọ̀tì tó wà lórí kọ́ìlì. Bí òòfà bá fà á, iná dé. Kọ́ìlì méjì ló sábà máa ń wà, ti síwájú àti ti sẹ́yìn, a sì lè fi ọ̀kan dán èkejì wò. Ká ní ti síwájú ló kọ̀. Pààrọ̀ ẹnu wáyà méjèèjì, kí o wá tẹ bọ́tìnnì ti ẹ̀yìn. Bí irin bá yí síwájú, kọ́ìlì àti fáàfù kò jẹ̀bi, wáyà tàbí bọ́tìnnì ni. Bí kò bá mira, kọ́ìlì tàbí fáàfù ni.

Ibi tí rewáyà ti wúlò nìyẹn. Òun á fi mítà wo kọ́ìlì. Èyí tó yè máa ń ní óòmù mélòó kan, èyí tí wáyà inú rẹ̀ ti já kò ní fi nǹkan kan hàn. Ṣùgbọ́n kí rewáyà má sọ pé iná kò pé torí pé kò bá fóòtì 12 gẹ́lẹ́ lẹ́nu kọ́ìlì nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀rọ tuntun, kọ̀ǹpútà ló ń bu iná fún kọ́ìlì ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, kí irin lè yára tàbí kó falẹ̀ bí àtàǹpàkò bá ṣe tẹ̀ ẹ́. Bí iná bá dé, tí òòfà fà, tí ọ́ìlì kò sì kọjá, ọ̀pá inú fáàfù ti há nìyẹn, ìdọ̀tí ló sì sábà máa ń há a. Ìdọ̀tí yẹn kò bá ẹ̀rọ wá láti òkè òkun. Ẹnu ìsopọ̀ ló gbà wọlé.

Ẹnu ìsopọ̀ yìí gan-an ni bàbá lọ bá ní Ìbàdàn. Akọ àti abo ni, ojú méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìlẹ̀kùn kékeré nínú tí sípíríǹgì ń tì pa. Tí a bá tì wọ́n sínú ara wọn tán, ìlẹ̀kùn méjèèjì á ṣí. Bí wọ́n bá sún kúrò lára wọn díẹ̀, wọ́n á pa, ọ́ìlì kò sì ní jò. Ìwọ̀n wọn wà nínú ìlànà àgbáyé ISO 16028, ìdí nìyẹn tí àsomọ́ ilé iṣẹ́ kan fi lè bá ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn mu, bí ìwọ̀n wọn bá ti jẹ́ ọ̀kan náà. Àìjò yẹn dára fún àyíká, ṣùgbọ́n ó ń tan ènìyàn jẹ. Ojú àwọn òṣìṣẹ́ ń wá ibi tí ọ́ìlì ti kán sílẹ̀, wọn kò rí i, wọ́n sì gbà pé iwájú dára.

Bàbá fi àkísà nu ẹnu ìsopọ̀ méjèèjì. Èyí tó ń gbé ọ́ìlì lọ dì mú. Lára èyí tí ọ́ìlì ń gbà pa dà, erùpẹ̀ pupa ti dì sábẹ́ òrùka ìtì, kò jẹ́ kí òrùka náà yí dé ibi tó yẹ kó ti há. Wọ́n tì í wọlé láàárọ̀, kò dún kọ́ọ́, kò sẹ́ni tó bìkítà. Ihò mẹ́ta ló fi mì tìtì kí ó tó sún jáde díẹ̀, ìlẹ̀kùn inú pa. Ọ̀nà àlọ ṣí, ọ̀nà àbọ̀ tì. Ibo ni ọ́ìlì fẹ́ gbà? Àwọn tó ń fi gbogbo ọkàn wo hóòsì àlọ, tí wọn kì í ka ti àbọ̀ sí, ẹ ò rí i pé ẹnu ọ̀nà méjì ni mọ́tò ní.

Ká ní ẹnu ìsopọ̀ ti dì mú dáadáa tí ìgbẹ́hò kò sì yí ńkọ́? Bàbá ní hóòsì kúkúrú kan nínú bùùtù, akọ lórí kan, abo lórí kejì. Á tú àsomọ́ kúrò, á fi hóòsì yẹn so ẹnu ìsopọ̀ méjèèjì Bobcat pọ̀, á ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Bí ọ́ìlì bá ń lọ tó ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ẹ́ńjìnnì kò kùn, Bobcat ti wẹ ara rẹ̀ mọ́, ẹjọ́ di ti àsomọ́. Nígbà mìíràn kò ju wáyà odi tó lọ́ mọ́ ìdí ìgbẹ́hò, tàbí mọ́tò tó ti há. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń kùn, ẹnu ìsopọ̀ Bobcat fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́, ìlẹ̀kùn inú rẹ̀ ti há tàbí ó ti fọ́. Ìgbà tí a bá bi awakọ̀ léèrè ohun tó fọ́ ọ ni yóò wá jẹ́wọ́ pé hámà ọwọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ hámà yìí ń dùn mí. Wọ́n á tú àsomọ́ sílẹ̀ nígbà tí púrẹ́ṣọ̀ ṣì wà nínú hóòsì. Oòrùn ọ̀sán á ràn lé e, ọ́ìlì inú rẹ̀ á wú, kò sì ní ibi tó fẹ́ wú sí. Lọ́jọ́ kejì, ẹnu ìsopọ̀ kò wọlé mọ́, bí a ti ń tì í ló ń ti wá. Ni awakọ̀ bá mú hámà. Kò yẹ kó dé bẹ́ẹ̀. Pa ẹ́ńjìnnì, ṣí kọ́kọ́rọ́, tẹ bọ́tìnnì àsomọ́ síwájú àti sẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan, púrẹ́ṣọ̀ ìhà ti Bobcat á wálẹ̀. Lórí àwọn Bobcat kan, a kàn máa fi ẹnu ìsopọ̀ hóòsì ti ti ara ẹ̀rọ, ká dì í mú fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, á sì tú púrẹ́ṣọ̀ fúnra rẹ̀. Ìwé ẹ̀rọ ló mọ ti ẹ̀rọ. Ti ìhà àsomọ́ ló le díẹ̀. Ó sàn kí a gbé e sábẹ́ ìbòòji kó tutù, ju kí ẹnikẹ́ni máa fi sípánà dẹ ìdí hóòsì tí púrẹ́ṣọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí ojú abẹ́rẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Níwọ̀n bí a ti wà ní ẹ̀gbẹ́ àsomọ́, hóòsì kékeré kẹta kan wà lára àwọn àsomọ́ alágbára bíi agégbó ńlá, tí ọ̀pọ̀ ń fi sílẹ̀ láìso nítorí pé irin ń yí láìsí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ọ́ìlì tó ń yọ́ jò nínú mọ́tò pa dà sí táǹkì. Bí a kò bá so ó, ọ́ìlì á kún inú mọ́tò, á wá ọ̀nà àbájáde, síìlì ìdí ọ̀pá mọ́tò ló sì máa fọ́ jáde. Síìlì tuntun tí kò lo ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wo hóòsì kẹta kí ẹ tó bá ẹni tó ta síìlì jà.

Ó ku ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, tó wá ń rẹ̀ bí oòrùn ṣe ń gòkè. Níbí ni mo ti gbà kí a dárúkọ pọ́ǹpù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun la máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ọ́ìlì tó gbóná máa ń ṣàn bí omi, á máa yọ́ gba gbogbo àlàfo tó ti jẹ nínú pọ́ǹpù àti mọ́tò pa dà sẹ́yìn, ìwọ̀nba ló máa dé iwájú. Ọ́ìlì tó bá ń ju nǹkan bí ìwọ̀n 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ fún ìgbà pípẹ́ ti ń pa ara rẹ̀ àti síìlì lára. Kí ló mú un gbóná? Lásìkò ọyẹ́, eruku á dí ojú rédíétọ̀ ọ́ìlì bí ẹni fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Mo ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ pọ́ǹpù rẹ̀, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n fọ́n láti inú síta, láìju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ló wò ó sàn.

Ẹ wo ọ́ìlì náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú apá nílẹ̀, torí bí apá bá wà lókè, òṣùwọ̀n á parọ́. Ọ́ìlì tó hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀ ọ́, bóyá ọ́ìlì kéré tàbí hóòsì tó ń fa ọ́ìlì lọ sí pọ́ǹpù ti dẹ̀. Èyí tó funfun bí ògì tí funfun yẹn kò sì kúrò lẹ́yìn tó ti sinmi, omi ti wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń rọ òmíràn, ẹ má ṣe rọ èyí tí aládùúgbò ń lò. Àwọn Bobcat àtijọ́ kan ń gba ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 10W-30 sínú háídírọ́líìkì wọn, àwọn mìíràn ní tiwọn lọ́tọ̀.

Bí gbogbo èyí bá mọ́ tán, tí irin ṣì ń rẹ̀, géèjì ìṣàn ló kù, ìyẹn ẹ̀rọ tí a ń so sẹ́nu ìsopọ̀ méjèèjì, tó ń ka lítà, tó sì ní ọwọ́ kan tí a lè fi máa fún ọ̀nà ọ́ìlì pa díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ẹrù ń wúwo sí i. Àwọn tó ní in kò pọ̀, wọ́n sì ń gba owó rẹ̀, ṣùgbọ́n owó náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti pọ́ǹpù tí ẹ kò nílò. A ó mú ọ́ìlì gbóná dé ìwọ̀n iṣẹ́, a ó fi ẹ́ńjìnnì sórí ìyára tó pé, a ó máa fún un. Ká ní ó ka lítà 75 lófìfo, 72 ní psi 1,000, 69 ní 2,000, ara pọ́ǹpù yá. Bí ó bá ka 75, tó sọ̀ sí 60, tó sọ̀ sí 40, tó ń dín bí owó ọwọ́ ọ̀mùtí, pọ́ǹpù ti jẹ nínú nìyẹn, ẹ lè wá gbé fóònù. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró gírígírí lórí 74, tó dé psi 1,800, tó sì já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fáàfù tó ń tú púrẹ́ṣọ̀ ló ń tètè ṣílẹ̀kùn, nítorí ìdọ̀tí tó há sí i lẹ́nu tàbí sípíríǹgì tó ti rẹ̀. Àwọn kan á kàn mú sípánà, wọ́n á yí síkúrù fáàfù yẹn mọ́lẹ̀ láìsí géèjì. Irin á lágbára lóòótọ́. Hóòsì tó bẹ́ lọ́jọ́ kejì kò ní mọ orúkọ ẹni tó yí i.

Ní Ìbàdàn, wọn kò dé ìdí géèjì. Bàbá fi burọ́ọ̀ṣì àti dísù fọ òrùka ìtì, ó yí i títí ó fi dún kọ́ọ́, ó ní kí awakọ̀ tẹ bọ́tìnnì. Ìgbẹ́hò yí. Ẹni tó gba iṣẹ́ ń bá ẹni tó fẹ́ ta pọ́ǹpù fún un sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń wá bó ṣe máa yọ ara rẹ̀ láìjẹ́ gbèsè ọ̀rọ̀. Bàbá béèrè ìdérí rọ́bà tó yẹ kó máa wà lẹ́nu ìsopọ̀ nígbà tí wọn kò bá so nǹkan mọ́ ọn. Awakọ̀ wo abẹ́ ìjókòó, ó wo inú àpótí irinṣẹ́, kò rí i. Ó ti tó oṣù mẹ́ta, ó ní, tó ti sọnù. Ló bá he nílọ́ńù píọ̀ wọ́tà méjì nílẹ̀, ó gbọn omi inú wọn dànù, ó wá rọ́bà tó máa fi dì wọ́n mọ́ ẹnu ìsopọ̀.